Orí Karùn-ún: Poroporo, Ìṣápá àti Bísíkíìtì Ilẹ̀ Jámánì

Lọ́jà Owódé ní Ọ̀ffà, bó ṣe rí ní gbogbo ọjà Yorùbá tí ẹlẹ́wé-ọmọ bá pàtẹ sí, ẹ ó rí poroporo ọkà bàbà tí wọ́n dì ní ìdì-ìdì, tó pupa rúsúrúsú tó sì ń lọ sí dúdú. Èyí tó níye lórí jù lára rẹ̀ ni ìdí ewé tó wé mọ́ igi ọkà, níbi tí ewé ti fà mọ́ igi kó tó ṣí sílẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sè é fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn tó ń ṣe wàrà, tí wọ́n ń pè ní wagashi níbẹ̀, máa ń se wàrà náà nínú omi rẹ̀ kó lè pupa kó tó dé ọjà. Ní Ghana àti Togo, inú ìkòkò ìrẹsì òun ẹ̀wà ni wọ́n ń jù ú sí, òun ló sì ń fún waakye ní àwọ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́.

Nínú orí yìí, a ó fi poroporo yìí, pẹ̀lú ìṣápá, ata ilẹ̀ pupa, epo àti ewé ẹ̀fọ́, kun bísíkíìtì kan tí àwọn ará gúúsù Jámánì máa ń ṣe fún Kérésìmesì. Ìdí tí mo fi mú bísíkíìtì yìí ni pé ojú rẹ̀ funfun, ó gbẹ, àwòrán ara rẹ̀ sì dúró sán-ún. Bí àwọ̀ kan bá fẹ́ ṣá, ibẹ̀ la ó ti rí i. Bí òmíràn bá fẹ́ yí láti pupa di búlúù, kò sí epo tàbí ata tí yóò bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ọbẹ̀, àwọ̀ ń rí ibi sá pamọ́ sí. Lórí bísíkíìtì yìí, ìhùwàsí rẹ̀ hàn sí gbangba. Ìhùwàsí yẹn ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀, nítorí ẹwà àwọ̀ nìkan kò tó láti fi yàn án fún oúnjẹ.

Springerle ni orúkọ bísíkíìtì náà. Ilẹ̀ Swabia àti Baden ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jámánì ló ti gbajúmọ̀ jù, wọ́n sì ń ṣe é ní Bavaria, Switzerland àti Alsace pẹ̀lú. Èròjà rẹ̀ kò pọ̀: ìyẹ̀fun àlìkámà gíráàmù 500, ṣúgà lẹ́búlẹ́bú gíráàmù 500, ẹyin mẹ́rin, èso anise fún òórùn dídùn, àti ìwọ̀nba ohun tí yóò mú un wú. Irú èyí tí a sọ yìí kò ní bọ́tà, kò sì ní òróró. Àìsí ọ̀rá yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀rá máa ń yọ́ nínú ààrò, bó bá sì ti yọ́, àwòrán á tẹ́.

Wọ́n á pò ó títí yóò fi le díẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á wá gbé pákó tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí lé e, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó jinlẹ̀ nínú pákó ni yóò yọ sókè lórí bísíkíìtì. Igi péà ni àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀ fẹ́ràn jù, torí pé ó le, ìṣan rẹ̀ sì wẹ́ débi pé ọ̀bẹ lè gbẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sí i láìfọ́. Ìtàn inú Bíbélì, ọkùnrin orí ẹṣin, òdòdó, ẹranko, tọkọtaya lọ́jọ́ ìgbéyàwó: gbogbo rẹ̀ ló wà lára àwọn pákó wọ̀nyí. Ọ̀kan nínú àwọn tó lọ́jọ́ lórí jù tó ṣì wà títí dòní, tí wọ́n gbẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Switzerland ní Zurich. Àwòrán ọ̀dọ́ àgùntàn Àjíǹde ló wà lára rẹ̀.

Ẹni tó bá wà ní Ọ̀ffà kò nílò pákó tó ti òkè òkun wá. Agbẹ́gilére tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú lè gbẹ́ irú rẹ̀ sára igi ọsàn, tí òun náà le tí ìṣan rẹ̀ sì wẹ́. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lo ìrókò fún ohun tí yóò kan oúnjẹ, nítorí lẹ́búlẹ́bú igi rẹ̀ máa ń mú kí ara àwọn tó ń là á yún, kí imú wọn sì máa sín. Ní ti àwòrán, ìlú tí gbogbo Yorùbá mọ̀ mọ́ ìjàkadì kò yẹ kó wá àwòrán tì. Ọkùnrin méjì tó gbá ara wọn mú, tí apá, itan àti aṣọ ìdí wọn jinlẹ̀ dáadáa nínú igi, yóò yọ lórí bísíkíìtì ju òdòdó kéékèèké lọ.

Lẹ́yìn títẹ̀, wọn kì í sun ún lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó lè tó wákàtí 24, kí ojú rẹ̀ lè gbẹ. Ibí yìí ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Nígbà tó bá wọ inú ààrò tí kò gbóná jù, bí ìwọ̀n Celsius 140 sí 150, afẹ́fẹ́ tó ń mú un wú kò ní lè gba ojú tó ti gbẹ jáde. Abẹ́ ni yóò gbà. Ojú náà á gbéra sókè pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ láìyí padà, bísíkíìtì á sì dúró lórí ìpele kékeré kan tí àwọn ará Jámánì ń pè ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Springerle tí kò bá ní ẹsẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ rẹ̀ kò pé.

Ohun tí wọ́n fi ń mú un wú láti ìgbà àtijọ́ ni Hirschhornsalz, tí orúkọ rẹ̀ nínú kẹ́místírì jẹ́ ammonium carbonate. Láyé ọjọ́un, ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n ń sun kí wọ́n tó rí i. Bí ooru bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 60, ó máa ń túká di ammonia, carbon dioxide àti ooru omi. Gbogbo rẹ̀ á fẹ́ lọ, kò sì ní sí ohun tó ṣẹ́kù nínú bísíkíìtì tí kò bá nípọn. Ẹ fi ammonia yẹn sọ́kàn. Ìhà káún, ìyẹn òdìkejì ìkan, ló wà, a ó sì rí ohun tí yóò fi ojú ìṣápá rí.

Ìgbà ọyẹ́ ni iṣẹ́ yìí rọrùn jù ní Ọ̀ffà, ìgbà yẹn náà sì ni Kérésìmesì ń bọ́ sí. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà ń gbẹ débi pé ètè ń là, ojú bísíkíìtì kò sì ní pẹ́ gbẹ. Ní Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kò ní jẹ́ kó gbẹ bọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹyin tútù ló wà nínú rẹ̀, ooru sì wà. Salmonella, kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, lè wà nínú ẹyin, ó sì fẹ́ràn irú ibẹ̀. Lóòótọ́, ṣúgà tó pọ̀ nínú ìyẹ̀fun pípò yìí ń di omi mú, èyí tó ń dí kòkòrò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi ọmọ ọlọ́mọ dán an wò. Lásìkò òjò, inú fíríìjì tí iná rẹ̀ kì í lọ, láìdé e, ni kí ẹ ti jẹ́ kó gbẹ. Ìgbà yòówù kó jẹ́, ẹ sun ún títí inú rẹ̀ fi jinná, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tọ́ èyí tó wà ní tútù wò.

Kí a tó mú búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká sọ lórí ewu. Ní ọdún 1820, Friedrich Accum, onímọ̀ kẹ́místírì ọmọ Jámánì tó ń gbé ní London, tẹ ìwé kan jáde lórí àbùlà oúnjẹ àti májèlé inú ilé ìdáná. Ó fi hàn nínú rẹ̀ pé wọ́n ń fi òjé pupa àti bàbà kun súìtì tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọdé. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn ṣe ń lọ, àwọn mìíràn tún dé: lead chromate, ìyẹn òjé tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àti àwọ̀ ewé tí arsenic wà nínú rẹ̀. Ó di ọjọ́ 5 Oṣù Keje ọdún 1887 kí ìjọba Jámánì tó ṣe òfin tó dárúkọ òjé, arsenic, bàbà, mercury àti àwọn mìíràn, tó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n kun ohun jíjẹ mọ́.

Láàárín àkókò yẹn, ní ọdún 1856, ọmọ ọdún méjìdínlógún kan ní London tó ń jẹ́ William Henry Perkin ń wá oògùn ibà nínú ohun tí wọ́n rí láti ara ọ̀dà èédú, àwọ̀ èsè àlùkò ló sì rí. Láti ibẹ̀ ni ìdílé àwọ̀ ilé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn wà lórí ìwé àṣẹ oúnjẹ títí dòní, àríyànjiyàn lórí wọn kò sì tíì tán. Ní ọdún 2007, ìwádìí kan láti Yunifásítì Southampton tí ìwé ìròyìn Lancet tẹ̀ jáde fi hàn pé àdàlù àwọn àwọ̀ kan pẹ̀lú sodium benzoate lè mú kí àwọn ọmọdé kan máa ṣe wàdùwàdù, kí wọ́n má lè jókòó jẹ́ẹ́. Láti ọdún 2010 ni Yúróòpù ti ń béèrè pé kí ìkìlọ̀ wà lára oúnjẹ tí èyíkéyìí nínú àwọ̀ mẹ́fà tí ìwádìí náà dá lé bá wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Amẹ́ríkà fagi lé àṣẹ tí wọ́n fún Red 3, àwọ̀ pupa kan lára àwọn àwọ̀ ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, fún oúnjẹ.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni Sudan, àwọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà, epo ẹ̀rọ àti ìpara bàtà. Àwọn oníjìbìtì kan máa ń pò ó mọ́ epo pupa kó lè pọ́n, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, sì ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ léraléra. Yúróòpù náà rí i nínú ata gígún àti nínú epo pupa tó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá láàárín ọdún 2003 sí 2005.

Àwọn kan á ní ojútùú rẹ̀ rọrùn: ẹ lo ohun tó ti inú ewéko wá. Kò tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Bangladesh fi hàn pé àwọn kan níbẹ̀ ń fi lead chromate kun ata ilẹ̀ pupa kó lè wu oníbàárà. Òjé kan náà tó wà nínú súìtì àwọn ọmọ Yúróòpù ayé ìjelòó ló tún yọjú nínú ọbẹ̀ aboyún ní Éṣíà. Òjé kì í jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ dàgbà bó ṣe yẹ, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ pé ó dára fún ara. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé inú ewéko ni àwọ̀ kan ti wá, ìbéèrè mi kò ju pé: ta ló lọ̀ ọ́? Ẹ ra ata ilẹ̀ náà ní odidi, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a, kí ẹ lọ̀ ọ́ fúnra yín. Ẹ ra poroporo tí ẹ ṣì lè rí ìlà ewé lára rẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣa èyí tó pupa tí kò hu” tó láti sọ fún ẹni tó ń tà á, nítorí poroporo tí olú ti hù sí lè ní oró tí sísè kò lè pa.

Ó yá, poroporo. Àwọ̀ pupa inú òdòdó àti èso púpọ̀ ń jẹ́ anthocyanin. Wọ́n lẹ́wà, ṣùgbọ́n wọn kì í le. Ibì kan wà lára mólékù wọn tí ọ́síjìn kan so mọ́, ibẹ̀ sì wà lára ohun tó ń sọ wọ́n di aláìlágbára nígbà tí omi bá gbógun tì wọ́n, tí àwọ̀ á sì pòórá. Ti ọkà bàbà kò ní ọ́síjìn yẹn. Ẹ rò ó bí ilé tí wọn kò yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí: olè tó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ilé àwọn aládùúgbò á dé ibẹ̀, kò ní rí ibi wọlé. Apigeninidin ni orúkọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, luteolinidin sì ṣìkejì rẹ̀. Ọkà bàbà kò ṣe wọ́n nítorí tiwa. Bí olú tó ń ba ewé jẹ́ bá kọ lu ọkà, irú àwọn èròjà wọ̀nyí ni ọkà máa ń ṣe sí ibi tí ọ̀tá ti wọlé, láti fi pa á. Ohun ìjà ni. Ní ọdún 2011, Polycarpe Kayodé ti Yunifásítì Abomey-Calavi ní Benin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé nínú ìdí ewé irú ọkà bàbà tí àwọn aláwọ̀ ń gbìn, wọ́n pọ̀ ju bí a ṣe ń rí wọn nínú èèpo ọkà lásán lọ fíìfíì.

Omi tútù kì í fà wọ́n jáde dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń se waakye fi máa ń ju káún sí i. Káún ń ṣí wọn sílẹ̀ sínú omi, ó sì ń mú kí wọ́n pupa rúsúrúsú. Bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá kán sí i, wọ́n á fà sí àwọ̀ ọsàn. Wọ́n ń yí díẹ̀, wọn kì í kú. Fún bísíkíìtì, mo fẹ́ràn kí a fi bákìn sódà, bí ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì kan, rọ́pò káún, torí pé òkúta inú ilẹ̀ ni káún, a kò sì mọ ohun tó bá a wá. Ẹ fọ ẹ̀kúnwọ́ poroporo méjì, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sè é nínú ife omi mẹ́rin fún bí ìṣẹ́jú 20, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ wá gbé omi náà padà sórí iná kékeré títí yóò fi ki, tí kò ní ju ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Àwọ̀ tí ẹ rí yẹn lè wọ ààrò. Ẹ lè fi kun bísíkíìtì kí ẹ tó sun ún, ammonia kò ní rí i gbé ṣe. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ ní ilé ìdáná Yorùbá, kò sí èyí tó bá iṣẹ́ yìí mu tó poroporo.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí a mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ gba àlàyé. Ẹ̀jẹ̀ pupa nítorí irin tó wà nínú hemoglobin. Apigeninidin pupa, kò sì ní irin kankan nínú mólékù rẹ̀. Pé àwọ̀ méjì jọra kò sọ ọ̀kan di èkejì. Ẹni tó ń rẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tí àyà rẹ̀ ń já lemọ́lemọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló nílò: ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ aràn, ó lè jẹ́ nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù, oògùn wọn kò sì rí bákan náà.

Ìṣápá pupa, tí a fi ń ṣe zobo, ni òdìkejì poroporo. Anthocyanin gidi ló wà nínú rẹ̀, ọ́síjìn yẹn wà lára rẹ̀, gbogbo ohun tó bá sì bá pàdé ló máa ń hàn lójú rẹ̀. Níbi tó bá kan, ó pupa yòò. Níbi tí kò kan tí kò sì ní káún, ó ń di èsè àlùkò tó ti ṣá. Níhà káún, á di búlúù tàbí àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà á di pupa rẹ́súrẹ́sú bó ṣe ń bàjẹ́ pátápátá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí kò ní bébà litmus lè fi ife zobo mẹ́ta, ọsàn wẹ́wẹ́ kan àti ìwọ̀nba bákìn sódà rí i fúnra rẹ̀ kí olùkọ́ tó parí ọ̀rọ̀.

Ohun tó ń ya àwọn aládìídùn lẹ́nu nìyí. Wọ́n á po ṣúgà lẹ́búlẹ́bú mọ́ funfun ẹyin, wọ́n á fi zobo tó ti ki sí i pé kó pupa, á sì di aláwọ̀ eérú. Wọ́n á ní zobo náà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Funfun ẹyin wà níhà káún, bí ẹyin bá sì ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ló ń lọ síhà yẹn sí i, torí pé carbon dioxide inú rẹ̀ ń gba inú èèpo jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pH rẹ̀, ìwọ̀n tó ń fi ìkan tàbí káún hàn, lè ti kọjá 9. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó bá fi ìṣápá kun Springerle kó tó sun ún: ammonia á gba abẹ́ rẹ̀ jáde, ọkùnrin tó fẹ́ wọ aṣọ pupa á bọ́ sínú aṣọ eérú. Ìwòsàn rẹ̀ kò le. Ẹ sun bísíkíìtì, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ tó fi ìṣápá tí ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí kùn ún. Á pupa, adùn rẹ̀ á sì ní ìkan díẹ̀ tó bá ṣúgà mu. Ẹni tó bá ń wá búlúù, tó ṣọ̀wọ́n nínú ohun jíjẹ, lè fi orí ọ̀bẹ bu bákìn sódà sínú ìṣápá. Yóò rí búlúù fún ìgbà díẹ̀, kó yára jẹ ẹ́.

Ata ilẹ̀ pupa kò gba àlàyé tó bẹ́ẹ̀. Curcumin inú rẹ̀ kì í yọ́ nínú omi. Inú ọ̀rá tàbí ọtí líle ló ti ń yọ́. Bí ẹ bá pò ó mọ́ omi, ẹ máa rò ó nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rì. Káún ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, oòrùn sì ń jẹ ẹ́ kíákíá ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Epo pupa ń wá ọ̀nà mìíràn. Carotene ló ń fún un ní àwọ̀, carotene kò sì fẹ́ omi rárá. Ẹni tó bá fi epo lásán kun bísíkíìtì gbígbẹ, àbàwọ́n ọ̀rá ni yóò rí. Àmọ́ pupa ẹyin ní lecithin, tó ń mú kí omi àti epo gbà fún ara wọn. Ẹ lu pupa ẹyin kan mọ́ ìlàjì ṣíbí tíì epo tó mọ́, ẹ fi kun ún kí ẹ tó gbé e wọ ààrò kí ẹyin náà lè jinná. Á yọ àwọ̀ ọsàn tó ń dán. Ẹ má bẹ̀rù pé iná á pa á. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ayamáṣe mọ̀ pé ó pẹ́ lórí iná tó le kí epo tó funfun, ààrò ìwọ̀n Celsius 150 kò sì dé ibẹ̀.

Carotene yìí mú wa dé ẹnu ànàmọ́, oúnjẹ tí wọ́n mọ Ọ̀ffà mọ́. Èyí tí inú rẹ̀ funfun ló pọ̀ jù lọ́jà wa, ṣùgbọ́n èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí epo ti wà ní Nàìjíríà, lára wọn ni King J àti Mothers Delight. Irú ànàmọ́ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí Maria Andrade, Robert Mwanga àti Jan Low wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 2016, nítorí beta-carotene inú rẹ̀ ni ara ń sọ di fítámì A, tí àìtó rẹ̀ ń fọ́ àwọn ọmọdé lójú. Ẹ lè bọ̀ ọ́, kí ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sá a níbi tí òjìji wà, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kúnná láti fi ṣe àwọ̀. Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́: ohun tí búrọ́ọ̀ṣì lè gbé sórí bísíkíìtì kan kò tó fítámì fún ẹnikẹ́ni. Bí fítámì A lẹ bá ń wá, ẹ bọ ànàmọ́ náà, kí ẹ fún ọmọ jẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ní epo díẹ̀, nítorí ọ̀rá ló ń gbé carotene wọ ara.

Ewé ẹ̀fọ́ tútù ń ṣá nínú ààrò nítorí pé ìkan díẹ̀ tó wà nínú ewé gan-an ń yọ magnesium kúrò láàárín chlorophyll, ohun tó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀. Ohun kan náà ló ń mú ẹ̀fọ́ tí a sè jù di rẹ́súrẹ́sú. Lẹ́yìn sísun ni kí ẹ fi í kùn. Tẹ̀tẹ̀ pupa náà kò gba ooru. Fún dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀, kòkó lẹ́búlẹ́bú tó, pàápàá èyí tí wọ́n ti fi káún ṣe bí àwọn ará Netherlands ṣe ń ṣe é láti ayé Coenraad van Houten, ẹni tó dá ọ̀nà náà sílẹ̀.

Osùn, aró àti ẹfun kò sí nínú ètò yìí. Osùn jẹ́ ti ara, aró ti aṣọ ni, ẹfun sì jẹ́ ohun tí wọ́n wa nínú ilẹ̀. Ọjọ́ orí àṣà kò sọ wọ́n di oúnjẹ. Igi kan tí wọ́n ń pè ní osùn bùkẹ́ yàtọ̀ sí osùn ìkunra. Èèpo kóró rẹ̀ ni àwọn oníwàràkàṣì ayé fi ń mú wàràkàṣì pọ́n, ó ṣeé jẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ ọ̀rá bíi ti epo.

Àwọ̀ olómi nílò ohun tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú bísíkíìtì, kó má baà ṣàn wọ inú kòtò àwòrán. Oje igi tí àwọn Hausa ń pè ní karo ló dára jù. Láti Yobe, Borno àti Jigawa ni wọ́n ti ń kó o wá. Ẹ rẹ ìwọ̀n kan rẹ̀ sínú omi ìwọ̀n méjì di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ìkán mélòó kan sí ṣíbí àwọ̀ kan. Ní Jámánì, àwọn kan máa ń lo ọtí líle dípò omi torí pé ó ń yára gbẹ, kì í sì í yọ́ ṣúgà. Ní ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí bíi Ọ̀ffà, karo ṣe iṣẹ́ náà láìsí ìyọnu, bísíkíìtì kan náà sì lè wà lórí àtẹ Iléyá àti ti Kérésìmesì. Ẹ jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kó tó kan bísíkíìtì. Ẹ fi àwọ̀ tó fẹ́lẹ́ kùn ún, kó gbẹ, kí ẹ tún un kùn. Àwọ̀ tó nípọn lẹ́ẹ̀kan náà á yọ́ ṣúgà, imú àwọn ajìjàkadì á sì tẹ́.

Springerle lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú agolo tó dé dáadáa. Ó ń le bó ṣe ń pẹ́, àwọn ará Jámánì sì máa ń fi gígé ápù kan sínú agolo náà kó lè rọ̀ díẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹ má fi í sí i ju òru kan lọ, kí olú má baà hù. Kí ẹ tó kun èyí tí ẹ fẹ́ fún àlejò, ẹ kun méjì-méjì pẹ̀lú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ sẹ́yìn wọn, ẹ gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, ẹ sì fi èkejì pamọ́ sínú agolo. Ata ilẹ̀ pupa ojú fèrèsé ni yóò kọ́kọ́ funfun, ìṣápá á tẹ̀lé e. Ẹ fi ti poroporo sílẹ̀ níbẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi lọ.